Ta Ni Alárinà Àwọn Ọmọ Wa? Ìfẹ́ Ọ̀dọ́langba, Àlàáfíà Ọkàn àti Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama

  

Àkòrí tí ẹ fún mi jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ níwájú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́ra nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé girama ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀: "N kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ!" Bí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ á rí i dájú pé wọn kò gbọ́ ọ. Yóò ṣe é, wọn kò sì ní gbọ́.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò lọ́jú pọ̀. Kí ọ̀dọ́langba fẹ́ràn ẹnì kan kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àmì pé wọn kò kọ́ ọmọ náà nílé. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ náà bá tètè dé jù, bí ó bá jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, bí kò bá sì sí àgbà kankan tó mọ̀ sí i, ó lè da ọkàn ọmọ láàmú, ó sì lè pa ìwé rẹ̀ lára. Nínú nǹkan mẹ́ta tí mo kà yìí, ọwọ́ àwa àgbà ni méjì wà. Àwa la ń lé ọmọ lọ sí ìkọ̀kọ̀, àwa náà la sì fi àyè àgbà sílẹ̀ láìsí ẹni tó jókòó sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọkùnrin kì í ṣàdédé dá ọmọbìnrin dúró lójú ọ̀nà kó ní òun fẹ́ ẹ. Ìfojúsóde ló máa ń ṣáájú. Ẹbí ọmọkùnrin á rí ọmọbìnrin kan lọ́jà, lódò tàbí níbi ọdún, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lábẹ́lẹ̀. Ṣé kò sí àrùn ìran nínú ẹbí náà? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Wọ́n á tún bi Ifá léèrè. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á tó wá alárinà, ẹni tó mọ ilé méjèèjì, tó lè wọlé tọ ọmọbìnrin lọ láìmú ìfura wá. Alárinà ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Yóò sọ irú ẹni tí ọmọkùnrin jẹ́ fún ọmọbìnrin, yóò sì kìlọ̀ fún ọmọkùnrin pé kó ṣe sùúrù. Ó lè pẹ́ kí ọmọbìnrin tó jọ́hẹn. Bí ó bá jọ́hẹn ni ìtọrọ àti ìdána á tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ojú bá sì mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀bá.

N kò sọ pé gbogbo ètò yẹn ló dára. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ti fi fún ọkọ láti kékeré, kí wọ́n tó gbọ́n tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ìbálé náà, orí ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n gbé e kà. Bí wọ́n bá bá a nílé, ẹmu á kún agbè lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Bí wọn kò bá bá a nílé, agbè náà kò ní kún, ìtìjú sì dé bá gbogbo ẹbí. Kò sí ẹni tó bi ọkọ ìyàwó ní ibi tí òun ti lo ìgbà èwe tirẹ̀. Bí a bá ń fi àṣà yangàn, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò náà tí kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ méjì láti dá rù. Àgbà kan máa ń mọ̀ nípa rẹ̀. Àgbà náà kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe olófòófó. Ó lè sọ pé, "Ó ti yá jù, ẹ rọra," ó sì lè sọ pé, "Ọmọ mi, ẹni yìí kò dára fún ọ."

Ọdún mẹ́wàá tí kò ní olùtọ́nà

Ilé-ìwé wà lára ohun tó yí ètò yẹn padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbẹ̀dẹ jókòó ti ọmọ olóyè. Ọmọbìnrin tí à bá ti mú lọ sílé ọkọ mú síléètì dání. Nígbà tó yá, ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, ilé-ìwé girama sì di ọdún mẹ́fà. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe fún àwọn ọmọ wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, agbára káká la fi lè rí èyí tó ju ẹ̀kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí yí ọjọ́ orí ìgbéyàwó padà, kò sì yí ọjọ́ orí ìbàlágà padà. Ọmọbìnrin a máa bàlágà ní nǹkan bí ọdún 12 tàbí 13. Yóò ṣe WAEC ní nǹkan bí ọdún 17, yóò jà fún JAMB, yóò wọ yunifásítì tàbí kó kọ́ṣẹ́. Kó tó jáde, ó ti di ẹni ọdún 22 tàbí 23, kò sì tíì sí ẹni tó ń béèrè ìgbà tí yóò lọ sílé ọkọ. Bákan náà lọ́rọ̀ rí fún ọmọkùnrin. Láàrin ìgbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jí àti ìgbà tí a óò ní kó mú ẹni tó fẹ́ wá sílé, ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà níbẹ̀.

Àwọn baba wa kò fi ètò kankan sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá yìí, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ ní ayé tiwọn. Àwa náà kò ṣètò kankan. A kó ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sínú kíláàsì kan náà láti agogo mẹ́jọ àárọ̀, a ní kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má sì wo ojú ara wọn. Fóònù wá dé. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ báyìí, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ìdílé ẹnikẹ́ni, kò sì lè sọ fún ọmọ pé kó rọra.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó fi ìwádìí ṣe iṣẹ́ rí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìwádìí mẹ́ta tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ti wáyé. Ìgbé ayé ọ̀dọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ ọdún 14 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, àwọn olùwádìí náà sì padà wo àwọn ọmọ wọ̀nyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èkíní ni ti Kara Joyner àti J. Richard Udry, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000. Àwọn ọ̀dọ́langba tó lé ní 8,000 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún padà bá wọn sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Wọ́n rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn tó kó sínú ìfẹ́ láàrin ìgbà méjèèjì lọ sókè ju ti àwọn tí kò ní olólùfẹ́ lọ. Ó sì han lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ.

Èkejì ni ti Pamela Orpinas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia, tó jáde ní 2013. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 624 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún méje, láti kíláàsì kẹfà títí dé kíláàsì kejìlá. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń fẹ́, àwọn olùkọ́ wọn sì ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìwé wọn. Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra gan-an láti ìgbà tí wọ́n ti kéré fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ yan ọ̀rẹ́ lọ. Wọ́n mu ọtí, wọ́n fa sìgá àti igbó ní ìlọ́po méjì. Àwọn tí kò yára sí i ni olùkọ́ yìn jù lórí bí wọ́n ṣe ń kàwé.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fi lu ọmọ rẹ̀ nílé. Orpinas kò sọ pé ìfẹ́ ló lé àwọn ọmọ náà kúrò nílé-ìwé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun kan ló ti wọ́ nílé kí ọ̀rẹ́kùnrin tó dé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń jà lójoojúmọ́, ọmọ tí kò sí ẹni tó ń bi í pé "Báwo lónìí ṣe rí?", irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè tètè wá ẹni tí yóò sọ fún un pé òun ṣe pàtàkì. Bí a bá rí ọmọ JSS2 tó ti há sínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ká tó bi í pé ta ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń sá fún.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọdún 2019. Brooke Douglas àti Orpinas kan náà wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kẹwàá, wọ́n sì béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè: àwọn ọmọ tí kò ní ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ńkọ́? Ṣé ojú ń pọ́n wọn ni? Ṣé wọn kò mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣe pọ̀ ni? Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọ̀rẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Àwọn olùkọ́ wọn sọ pé wọ́n mọ ìwà hù láwùjọ jù, pé wọ́n lè ṣe aṣáájú jù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn kò sì tó ti àwọn tó ń fẹ́ra.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo ka èyí fún. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o kò ní bọ̀ifúrẹ́ǹdì, pé o kò ní gẹ́ẹ̀lìfúrẹ́ǹdì, kò sí ohun tó ń ṣe ọ́. Inú rẹ lè dùn, o lè lọ́rẹ̀ẹ́ tó pọ̀, o sì lè jẹ́ olórí kíláàsì láìsí ẹni tó ń pè ọ́ ní ọ̀wọ́n lóru.

Ọkàn, oorun àti ìwé

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fi ń wúwo lórí ọ̀dọ́langba ju bó ṣe ń wúwo lórí àgbà lọ? Àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti jẹ́ ká mọ̀ pé apá iwájú ọpọlọ, níbi tí a ti ń ro àrògún, tí a ti ń kó ara wa níjàánu, kì í pé títí ènìyàn fi ń sún mọ́ ọdún 25. Ṣùgbọ́n ibi tí ayọ̀ àti ìfẹ́ ohun tuntun ti ń ru sókè, ó ti ń ṣiṣẹ́ kíkan láti ìgbà ìbàlágà. Nítorí náà, ọmọ lè fẹ́ràn ènìyàn bí àgbà ṣe ń fẹ́ràn, kó má tíì ní agbára láti sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èyí náà yóò kọjá."

Ẹ wá wo bó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá túká. Àgbà tí olólùfẹ́ bá kọ̀ sílẹ̀ lè yí ọ̀nà padà kó má baà rí i mọ́. Ọmọ SS1 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, bóyá bẹ́ǹṣì kan náà pàápàá. Kí agogo ìsinmi tó lù, gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Ọmọkùnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ti wà pẹ̀lú ẹlòmíràn lójú rẹ̀, àwòrán wọn sì ti wà lórí WhatsApp kó tó délé. Olùkọ́ ìṣirò ń kọ nǹkan sójú pátákó, ọmọ náà ń wò ó, kò rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló ṣe ọ́ tí o kò jẹun?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, mọ́mì. Orí ń fọ́ mi ni." Ìyá fún un ní Panadol.

Oorun náà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn wákàtí 8 sí 10 lálaalẹ́ fún ọmọ ọdún 13 sí 18. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni dátà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, alẹ́ ni àwọn òbí sì máa ń sùn. Ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ tẹ fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí títí di agogo méjì, kí ni yóò mú wọ kíláàsì ní agogo mẹ́jọ? WAEC kò béèrè bóyá ènìyàn ń fẹ́ ẹnì kan. Kírẹ́díìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, ni yunifásítì ń béèrè.

Ẹ má sì rò pé ọmọbìnrin nìkan ló ń jìyà. Ẹrù mìíràn ń bẹ lórí ọmọkùnrin. Wọ́n ti gbìn ín sí i lọ́kàn pé owó ni wọ́n fi ń fẹ́ obìnrin. Ọmọ ọdún 16 tí ẹnikẹ́ni kò fún lówó, tó sì gbọ́dọ̀ ra dátà, ra ṣáwámà, ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, níbo ni yóò ti rí i? Àpò ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ yahoo á sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà. Bí ó bá sì jẹ́ òun ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà kó sunkún. "Ọkùnrin ni ẹ́!" ni wọ́n á máa sọ fún un. Ìbínú ni ẹkún tí kò jáde máa ń dà.

Lẹ́tà kan

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, olùkọ́ kan rí lẹ́tà nínú ìwé ìṣirò ọmọbìnrin kan. Ìwé tí wọ́n fà ya láàrin ẹ́sásáìsì ni, wọ́n ká a pọ̀ di kékeré, wọ́n sì fi bírò pupa ya àwòrán ọkàn sí igun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò burú. Ọmọ náà sọ pé inú òun máa ń dùn tí ọmọkùnrin náà bá dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, pé òun fẹ́ kí àwọn jọ máa kàwé. Ní àsẹ́ńbílì ọjọ́ kejì, wọ́n pe àwọn méjèèjì jáde, wọ́n sì ka lẹ́tà náà sókè níwájú gbogbo ilé-ìwé, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Àwa olùkọ́ kan náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè.

Kí ni gbogbo ilé-ìwé kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà? Wọn kò kọ́ pé kí wọ́n má fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ni pé kí àgbà má ṣe rí i. Ọmọ tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn, bí ọkùnrin àgbàlagbà bá fọwọ́ kàn án ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣé ọ̀dọ̀ wa ni yóò mú ẹjọ́ wá? Bí ẹnì kan bá gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀, tó sì ń fi dẹ́rù bà á, ṣé olùkọ́ tó ka lẹ́tà ni yóò sọ fún? Ìtìjú tí a fi bo ìfẹ́ kékeré, òun náà ni yóò bo ewu ńlá mọ́lẹ̀.

Èyí tí kì í ṣe ìfẹ́ rárá

Mo gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Ọmọ ọdún 15 méjì tó ń kọ lẹ́tà síra wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin ẹni ọdún 30 tó ń dá ọmọ ọdún 15 dúró lójú ọ̀nà ilé-ìwé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ìbáà jẹ́ ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fi owó dátà ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ olùkọ́ lẹ́sìn tàbí ẹni tó ń jókòó níwájú nílé ìjọsìn, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀dọ́langba. Ìrẹ́jẹ ni.

Òfin kò fi ibẹ̀ pamọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Abala 31 rẹ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Bí ó bá ní òun rò pé ọmọ náà ti pé ọdún 18, òfin kò gbà. Bí ó bá ní ọmọ náà gbà fún òun, òfin kò gbà. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ló ti sọ òfin yìí di tiwọn. Ti Èkó jáde ní 2007. Láti 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gba owó ìpẹ̀tù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àgbà àdúgbò, ó ti di ti ìjọba.

Bí oyún bá dé

Nínú ìwádìí ìjọba àpapọ̀ nípa ìlera àti iye ènìyàn tó wáyé ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nílé ọkọ, àwọn mìíràn sì wà nílé ìyá wọn, tí aṣọ ilé-ìwé wọn wà nínú àpótí.

Ọ̀pọ̀ òbí àti ọ̀gá ilé-ìwé rò pé ibi tí oyún bá ti dé ni ìwé parí sí. Òfin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 15 rẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un láǹfààní láti padà sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí a lé kúrò nílé àti nílé-ìwé lọ́jọ́ kan náà, ọwọ́ ta la fẹ́ kó bọ́ sí?

Ó dùn mí pé nígbà tó yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ yéni sí i, ṣe la ń dín in kù. Ní 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣètò ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ẹbí àti àrùn HIV fún àwọn ilé-ìwé. Ní ìparí 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, pé kí òbí àti ilé ìjọsìn máa kọ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti jókòó kọ́ ọmọ rẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó wọ JSS1 ni kẹ́ ẹ ti máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ àti nípa ìfẹ́, láìpariwo, nígbà tẹ́ ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà tàbí tẹ́ ẹ bá jọ wà nínú ọkọ̀. Ẹ bi í pé, "Ta ló ń mú inú rẹ dùn ní kíláàsì yín?" Bó bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ má fò dìde. Ẹ ní, "Kí lo fẹ́ràn nípa rẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ gbà àti ohun tẹ́ ẹ kò gbà, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí àkókò ìfẹ́ kò bá tíì tó lójú yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Kò sí ohun tó burú nínú kí òbí ní kí ọmọ dúró. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má jẹ́ lójú bẹ́líìtì. Bó bá di agogo mẹ́wàá alẹ́, kí gbogbo fóònù wà ní pálọ̀, tiyín náà pẹ̀lú.

Ẹ tún wá àgbà kan fún ọmọ yín yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín. Àbúrò ìyá, ẹ̀gbọ́n tó ti wà ní yunifásítì, àǹtí àdúgbò tí ẹ mọ ìwà rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ lójú ẹni náà pé, "Bí ohun kan bá wà tí o kò lè sọ fún wa, sọ fún wọn." Iṣẹ́ alárinà òde òní kì í ṣe láti so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́, kí ó sọ òótọ́, kí ó pa àṣírí tó ṣeé pa mọ́, kí ó sì ké sí yín bí ewu bá wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ ká fòpin sí kíka lẹ́tà ọmọ níta gbangba. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní olùdámọ̀ràn tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ́, tí ọmọ lè wọlé tọ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ púrẹ́fẹ́ẹ̀tì. Bí máàkì ọmọ tó ń ṣe dáadáa bá ṣàdédé já wálẹ̀, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó kọ "kò fọkàn sí ìwé mọ́" sínú káàdì rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ní kí o má bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ mọ́, tó ń tú fóònù rẹ wò, tó ní kí o fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ láti fi hàn pé o fẹ́ràn òun, tó ń bínú tí o bá ń kàwé, kò fẹ́ràn rẹ. Ẹ tètè sọ fún àgbà. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, jẹun, sùn, lọ sílé-ìwé, má sì dá ọ̀rọ̀ náà gbé sínú. Bí ọkàn rẹ bá wá wúwo débi pé o kò fẹ́ wà láyé mọ́, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó sọ fún ẹnì kan. Kì í ṣe ìtìjú. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Mo ń lọ sópin. A kò lè dá ìfẹ́ dúró lọ́kàn ọ̀dọ́langba, ṣùgbọ́n a lè rí i pé kò dá nìkan bá a. Mo ń bẹ gbogbo ilé tó wà níbí: kí oṣù yìí tó parí, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí wàhálà ìfẹ́ bá bá ọ, orúkọ àgbà wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ pè?" Bí ó bá dárúkọ ẹnì kan láìronú, ẹ ti ṣe ohun tó pọ̀. Bí kò bá rí orúkọ dá, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ yín wà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti ṣe é.